Ọwọ́ Tó Ta Kókó Ọ̀já

Eyín ọmọ náà há pọ̀ mọ́ra wọn. Ojú rẹ̀ yí sókè, funfun nìkan ló kù níbẹ̀. Ara rẹ̀ le lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí igi ìdáná, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì.

"Gìrì! Gìrì ti gbé e!" Àgbékẹ́, ìyá ọkọ, ló figbe ta láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbé iná wá! Ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ síná kó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń yan òrùlé páànù Cow Lane ní Accra bí ẹran. Rasheedah já ọ̀já kúrò láyà, ó tẹ́ Afeefah sílẹ̀ lórí ẹní. Kó tó mí, ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé pẹ̀lú ṣíbí irin, aládùúgbò kan sì ti ń wọ́ ààrò eléèédú bọ̀, èédú inú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹkùn. Ìyá àgbà ki ṣíbí bọ ọmọ náà lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ ní ètè. Ó gbá ọrùn ẹsẹ̀ kékeré méjèèjì mú, ó ń fà wọ́n lọ sórí èédú.

Rasheedah kò mọ ìgbà tó fò. Òun tí kì í wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ tààrà bó bá ń bá a sọ̀rọ̀, òun ló forí kan obìnrin náà láyà tó fi jókòó sílẹ̀ gbì. Ó fẹsẹ̀ gbá ààrò dànù. Èédú tú ká, ó jó o lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

"Èmi lo lù, ìyàwó? Èmi, ìyá Suhaib?"

"Màámi, ẹ bínú sí mi lọ́la. Ọmọ mi ò ní jóná lónìí."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó fi ọ̀já náà wé e, ó sì sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà.

*

Nínú tákísí, bí ó ti gbé orí ọmọ náà lé itan, ó rántí Suhaib, ọkọ rẹ̀. Ibi ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí Suhaib kọ́kọ́ rí i lọ́jà Odawna, ṣe ló ń wọn aṣọ fún un, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń wọ̀n ọ́n, tí kò mọ̀ pé òun ti wọn ìlọ́po méjì nítorí pé ojú òun kò kúrò lójú oníbàárà. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, bí kò bá gbọ́ ohùn Rasheedah, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Suhaib kì í ṣe ẹni tí kò ní àfẹ́sọ́nà. Ìdíátù, ọmọ ìlú rẹ̀ kan náà, tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀ lọ́jà, ni àwọn àgbà ti bá a tọrọ. Wọ́n ti pín obì. Suhaib ló lọ kúnlẹ̀ níwájú ìdílé méjèèjì pé òun kò lè fẹ́ ẹni tí ọkàn òun kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn retí ẹkún, wọ́n retí èpè. Ìdíátù kò sunkún. Nígbà tí wọ́n bí Afeefah, òun ló kọ́kọ́ dé ibi ìsọmọlórúkọ, ó sì gbé ọ̀já aṣọ òkè pupa kan kalẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran etí rẹ̀ yíká.

"Ọkàn obìnrin yìí mọ́ bí omi," ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀já pupa náà nìyí, tó yí ọmọ po lórí itan ìyá rẹ̀. Rasheedah fọwọ́ kàn án. Ó gbóná ju ara ọmọ lọ.

*

Ohun tí Rasheedah kò mọ̀ ni èyí.

Ní Tema, ìlú èbúté tó wà lẹ́bàá Accra, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù kan tí òórùn ẹja gbígbẹ kì í kúrò níbẹ̀, yàrá kan wà tí kò ní fèrèsé. Àtàndá ló ń gbébẹ̀. Ọkùnrin tínrín ni, ohùn rẹ̀ rọra bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Níwájú rẹ̀ ni Ìdíátù jókòó sí kó tó lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Àtàndá so òwú pupa mọ́ ẹsẹ̀ àkùkọ dúdú kan. Ó bẹ́ ẹ lórí. Àkùkọ náà kò kú. Ó ń sáré kiri láìlórí, ara rẹ̀ ń hó, ìyẹ́ rẹ̀ ń já bọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n rì í sínú omi gbígbóná. Nígbà tó ṣubú, ẹran rẹ̀ ti jinná.

"Ibà tó wà nínú òwú yìí nìyẹn," ni Àtàndá wí. "Rán an mọ́ etí ọ̀já. Lọ́jọ́ tó bá jí, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mú. Ṣé o gbọ́? Ọmọ ni."

Ìdíátù tẹjú mọ́ òwú náà.

"Wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn dá a padà. Jẹ́ kí wọ́n wá a. Ìdápadà kò ní í bá ìwọ tó fi ránṣẹ́. Ọwọ́ tó bá ta kókó ọ̀já náà kẹ́yìn ni yóò bá. Wọn á fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ìwọ sáà má ta kókó rẹ̀ láéláé. Kí lo ń fẹ́ gan-an?"

"Kó ku Rasheedah nìkan," ni Ìdíátù wí, "bó ṣe ku èmi nìkan."

"O ṣì fẹ́ ẹ, bí ọmọ bá tilẹ̀ wà níbẹ̀?"

Ìdíátù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Abẹ kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sórí òwú, òwú náà sì mì bí aràn.

Ohun tí kò sọ fún Àtàndá nígbà tó yá ni pé nígbà tí Afeefah kọ́ ìrìn, orúnkún òun Ìdíátù ló kọ́kọ́ rìn bá lọ́jà, tó pè é ní Dídí, tí kò sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ mọ́.

*

Sherifa ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ náà ní kílíníìkì. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra ni, ó ń fi èdè Twi pàṣẹ fáwọn yòókù, ó ń fi Yorùbá bá Rasheedah sọ̀rọ̀.

"Sister, ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀. Ta ló ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu báyìí? Tí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ ò gbọdọ̀ ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹgbẹ́ lẹ ó yí i sí, kó lè mí. Iná ńkọ́?"

"Mi ò jẹ́ kí wọ́n fi síná."

"Ẹ ṣeun."

Wọ́n fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́, gìrì sì fi í sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára. Wọ́n gún un níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí kòkòrò ibà.

"Kò ní kó má jẹ́ ibà o," ni Sherifa wí. "Ó lè fara pamọ́ lónìí kó yọ lọ́la. A ó tún un wò. Ẹ ò ní í lọlé."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ara Afeefah ń rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sunkún tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ á tún di iná. Sherifa ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un wò.

"Ẹ̀rù ẹ̀rọ yìí ń bà mí. Ẹ má pọ̀n ọ́n mọ́. Ọ̀já yẹn ti nípọn jù, ooru tirẹ̀ àti tiyín ló ń pàdé níbẹ̀."

Rasheedah tú u, ó ká a, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan mí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Suhaib dé láti ọjà, tòun ti òógùn. Ó fi ẹnu kan iwájú orí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, sùn díẹ̀. Mo ti dé." Nígbà tí ọmọ bú sẹ́kún, ó ṣe ohun tí kò sí ọkùnrin mìíràn tó ń ṣe é ní Cow Lane, ohun tí wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Rasheedah ti sùn lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má lo ọ̀já pupa náà.

Ó ta kókó rẹ̀ sí àyà ara rẹ̀.

*

Ní wákàtí náà gan-an, Àgbékẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Àfáà Àrówólò lẹ́yìn mọ́sáláṣí.

"Àsàsí ni," ni Àfáà wí, bó ti wo ojú omi tó fi fọ wàláà. "Ẹnìkan ló rán iná yìí sọ́mọ."

"Ẹ dá a padà fún ẹni tó rán an! Kó jó o dé mùdùnmúdùn!"

Àfáà kà á. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú omi náà, igbá sì là sí méjì.

Ní kílíníìkì, Suhaib dúró sójú kan náà. Wọ́n sáré gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Eyín Suhaib ń gbá ara wọn kà-kà-kà, òtútù mú un débi pé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ń rìn nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń jóni lọ́wọ́. Nígbà tí ìwárìrì dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ wèrè bẹ̀rẹ̀. Rasheedah tẹ̀ síwájú láti fi omi tọ́ ọ létè. Ọkọ rẹ̀ lajú sí i, kò sì mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ tó ń wọn aṣọ, ọwọ́ tó ti kẹ́ ẹ látọdún yìí wá, òun ló di ọ̀fun rẹ̀ mú.

"Tú mi sílẹ̀!" Ó ń fún un pa, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. "Ìdíátù! Ìwọ lo so mí! Tú mi sílẹ̀!"

Ojú Rasheedah ṣókùnkùn. Ó fi èékánná fa apá ọkọ rẹ̀ ya. Ìgbà tí Sherifa àti àwọn ọkùnrin méjì fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àmì ìka ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Kò sunkún nítorí ọrùn. Ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀, ibi tí orúkọ obìnrin yẹn ti jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àyẹ̀wò kejì sọ pé ibà ni, ti baba àti ti ọmọ. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí wọn lára. "Ẹ jẹ́ kí oògùn ráyè ṣiṣẹ́," ni Sherifa wí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti ń gòkè, ńṣe ni ooru ara Suhaib ń bá a gòkè.

*

Àfáà Àrówólò wá fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ohun tí mo dá padà yí orí lójú ọ̀nà. Ta ló pọ̀n ọmọ yìí kẹ́yìn?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

Àfáà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀já pupa náà. Ó pariwo, ó fà á padà. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó yọ abẹ lápò, Rasheedah gbà á, ó tú etí ọ̀já. Òwú pupa kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òwú aṣọ òkè. Ó lọ́ mọ́ irun ènìyàn àti eegun ẹsẹ̀ adìyẹ, ó sì ń mì.

"Ta ló fún ọ?"

Rasheedah fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Àmì ìka tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń ta á.

"Mo lè dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Àfáà wí, "kó tó mú ọkọ rẹ lọ. Àmọ́ ọwọ́ tó bá ta kókó rẹ̀ kẹ́yìn ló ń bá lọ. Títí di ìsinsìnyí, ọwọ́ Suhaib ni."

"Ẹ jẹ́ kí n ta á. Kó mú èmi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ta ni wọ́n á fi ọmọ yìí lé lọ́wọ́?"

Rasheedah wo ojú fèrèsé. Ó ronú nípa gbogbo obìnrin tó ti gbọ́njú mọ̀, àti ohun kan ṣoṣo tí kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè ṣe é ní gbangba.

"Àfáà, ẹ jókòó sábẹ́ igi tó wà ní àgbàlá yẹn, kẹ́ ẹ mú tẹ̀sùbáà yín dání," ló wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán etí ọ̀já padà. "Ẹni tó fún mi ní ọ̀já yìí ń bọ̀. Kò lè ṣe kó má wá kí wa. Bí kò bá wá, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

*

Ìdíátù wá lóòótọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó gbé ọsàn dání. Àwọn obìnrin ọjà Odawna ti jókòó sábẹ́ igi, Àgbékẹ́ wà láàárín wọn, oníwàákyé, tó ń ta ìrẹsì òun ẹ̀wà, ń koná mọ́ ìkòkò rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ìyá Afeefah, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà."

"Àmín, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

"Kí ni wọ́n ló ṣe wọ́n?"

"Ibà ni wọ́n pè é."

"Ibà! Ta ni ibà ò mú rí ní Accra? Wọ́n á dìde."

Rasheedah kúnlẹ̀. Ó na ọmọ sí i pẹ̀lú ọ̀já. "Àǹtí, apá mi ti kú. Ẹ bá mi pọ̀n ọ́n, kí n fún bàbá rẹ̀ lómi."

Ẹsẹ̀ Ìdíátù fà sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Ẹ̀yìn ń dùn mí o jàre. Béélì aṣọ ni mo gbé láàárọ̀."

"Ẹ̀yìn wo?" Àgbékẹ́ dá a lóhùn. "Ìwọ tó ń gbé béélì, ọmọ tí àìsàn ti fà yọ tán yìí ló wúwo? Obìnrin wo ni wọ́n ń na ọmọ sí tó ń kọ̀?"

"Ó ń bẹ̀rù kó má tọ̀ sí i láṣọ ni," obìnrin kan wí, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Àbí ó ń dùn ún pé kì í ṣe òun ló bí i?"

Gbogbo ojú yí sí i. Afeefah fúnra rẹ̀ gbé apá méjèèjì sókè. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Dídí."

Ìdíátù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́yìn. Ó fi ìka méjì péré mú ọ̀já, bí ẹni mú ejò, ó yí i ká ara rẹ̀, ó sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ apá. Kò ta á ní kókó. Ó nàró.

"Àǹtí, ẹ ò ta kókó."

"Ó ti dúró. Lọ fún ọkọ rẹ lómi."

Kí ni kí Rasheedah ṣe? Bó bá tún sọ ọ́, àṣírí tú. Ó dìde, ó yíjú, ó ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Afeefah rí i pé ìyá òun ń lọ. Ó sunkún, ó na ara rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀já sì yọ̀. Orí ọmọ dojú kọ gọ́tà onísìmẹ́ǹtì.

Rasheedah yíjú, ó sáré padà. Ó jìnnà jù.

Bí Ìdíátù bá dúró jẹ́ẹ́ ni, gbogbo ohun tó fẹ́ ni ìbá rí gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò bi í. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fò, ó gbá ìdí ọmọ mú, ó sọ ọ́ sókè padà, ó fa ọ̀já le, ó sì ta kókó rẹ̀ sí àárín ọyàn, ó tún un ta, dan-in dan-in, bí obìnrin gbogbo ti ń ṣe é.

Ó wo àyà rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Lábẹ́ igi, tẹ̀sùbáà Àfáà Àrówólò já.

*

Igbe tí Ìdíátù ké kì í ṣe ti ènìyàn. Òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó gba àgbàlá. Ó ń já kókó náà, kókó náà ń wọlé sí i lára. Rasheedah bẹ́ lù ú, ó fa ọmọ yọ láti òkè ọ̀já. Ìdíátù fa sísọ́ọ̀sì aṣọ yọ nínú báàgì, ó gún Rasheedah lápá, ó tún un gún. Ẹ̀jẹ̀ Rasheedah ta sójú ọmọ. Ó ju ọmọ sọ́wọ́ Àgbékẹ́, ó fi eyín bu Ìdíátù jẹ lọ́wọ́ títí sísọ́ọ̀sì fi bọ́. Wọ́n jọ yí lulẹ̀, wọ́n jọ forí sọ sìmẹ́ǹtì.

"Ìwọ nìkan ló yẹ kó kù!" Ìdíátù ń pariwo mọ́ ọn lójú. "Ìwọ nìkan!"

Lẹ́yìn náà, eyín rẹ̀ há. Ojú rẹ̀ yí sókè, funfun nìkan ló kù níbẹ̀.

"Ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ síná!" Àgbékẹ́ ló tún ń ké. Àwọn kan ti gbé òkúta. Ọkùnrin kan ti fa igi tó ń jó yọ lábẹ́ ìkòkò oníwàákyé. "Ẹ jó o! Ẹ jó aṣebi!"

Rasheedah dìde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó dúró lé ọ̀tá rẹ̀ lórí. Òkúta kan bà á léjìká.

"Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ni yóò kọ́kọ́ pa!"

"Ó fẹ́ pa ọ́, ìyàwó! Ṣé orí rẹ pé?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ló gba ọmọ mi." Ó kúnlẹ̀, ó yí Ìdíátù sí ẹ̀gbẹ́ kó lè mí. Kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Sherifa sáré dé, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀já sí méjì. Rasheedah kó o, ó jù ú sábẹ́ ìkòkò oníwàákyé. Iná náà di aláwọ̀ ewé, ó kọ bí àkùkọ, ó sì kú.

Nígbà tó wọlé, Suhaib ti lajú. Ara rẹ̀ tutù. Ó rí ọrùn ìyàwó rẹ̀, ó rí apá rẹ̀.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí, olólùfẹ́ mi?"

"Ibà ni," ló wí, ó sì fi ojú pamọ́ sí àyà rẹ̀.

Sherifa ní abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Rasheedah dúpẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

*

Ìdíátù kò kú. Ibà náà fi í sílẹ̀, ó sì gbé iyè rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ta kókó sí àárín ọyàn rẹ̀, níbi tí kò sí aṣọ kankan. Bó bá ta á tán, yóò tún un ta. Wọ́n di ọwọ́ náà mú títí, ó rẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọlé, Rasheedah gbé Afeefah lápá, ó yà kí i. Ọmọ náà na ìka.

"Dídí."

Ọwọ́ Ìdíátù dúró. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń dúró de ọmọ.

Àwọn aláìsàn tó wà ní yàrá ń wò wọ́n. Rasheedah gbá ọmọ rẹ̀ mọ́yà, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.